Ojú Olójú Kò Jọ Ojú Ẹni

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ oògùn tí à ń gbé mì ni, àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn tí a bá ti gbé e mì tán.

Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ àgbàṣe nínú wa. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ yóò pe alágbàṣe kí ó bá òun ro ó. Ìyá tí ó ní ìsọ̀ méjì yóò fi ọmọ iṣẹ́ sí ọ̀kan. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í sùn sílé títí ìkórè. Yóò dìde, yóò lọ wo ibi tí alágbàṣe ro dé, nítorí ó mọ̀ pé alágbàṣe lè fi ewé bo ibi tí kò ro. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Obìnrin oníṣòwò kan ní ọjà Ifo ni ó mú mi ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Tíṣà, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó tí ń ṣe oògùn tí dókítà ń kọ fún mi ti palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Oògùn wọn ṣì ń wọlé, ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn tà á. Bí ó bá wá ṣe mí níbi, ta ni kí n ké sí? Ṣé Èkó ni kí n lọ ni, àbí ìlú òyìnbó?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ohun tí Màmá gbọ́ kì í sì í ṣe àhesọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, GlaxoSmithKline Consumer Nigeria, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Agbara ní ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa níbí, kéde pé òun yóò kógbá wọlé lẹ́yìn ohun tí ó ju àádọ́ta ọdún lọ. Wọ́n ní alágbàtà ni yóò máa bá àwọn ta àwọn oògùn bí Augmentin àti Ventolin. Kò pẹ́, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Sanofi ti ilẹ̀ Faransé náà kéde pé láti oṣù kejì ọdún 2024, ọwọ́ alágbàtà ni oògùn òun yóò máa gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Alágbàtà kì í ṣe olè, oògùn tí ó gba ọwọ́ rẹ̀ wá kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di àyédèrú. Ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà ní ìsọ̀ yín, ẹ̀yin oníṣòwò, ọwọ́ alágbàtà ni ó gbà wá. Ṣùgbọ́n a ti mọ ẹni tí ń ta oògùn. Ẹni tí yóò gbọ́ igbe ẹni tí oògùn bá ṣe níbi ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí iṣẹ́ ìgbọ́ràn yìí pẹ̀lú ti ń di iṣẹ́ àgbàṣe káàkiri àgbáyé.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, "Tíṣà, bí ìjọba bá ti yẹ oògùn wò tí ó ní ó dára, kí ni a tún ń ṣọ́?" Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Kí oògùn tó dé ọjà, ara ènìyàn ìwọ̀nba ni a ti dán an wò, nígbà mìíràn ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo nínú ọ̀kẹ́ kan, èyí ni ẹni 20,000, ni oògùn náà yóò ṣe níbi, ó ṣeé ṣe kí ẹni náà má sí nínú àwọn tí a fi dán an wò. Ìgbà tí oògùn bá dé Mowe, dé Ibafo, dé Ifo, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ó, ni ẹni náà yóò tó yọjú. Ọjà fúnra rẹ̀ ni ìdánwò ìkẹyìn.

Ayé kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé. Ní ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn oorun kan tí ń jẹ́ thalidomide ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn aboyún lò ó nítorí èébì òwúrọ̀. Kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1961, ó ti ba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ inú jẹ́ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n bí wọn, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn kò pé. Ọ̀ràn yẹn ni ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ ní 1968, kí ìròhìn ibi tí oògùn ń ṣe ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè máa bọ́ sí ojú kan. Orílẹ̀-èdè 10 ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti 1978 ni àkójọ náà ti wà ní ìlú Uppsala ní ilẹ̀ Sweden, ìròhìn tí ó wà níbẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 30 lọ. Nàìjíríà wọ inú ẹgbẹ́ náà ní 2004, NAFDAC ni ó sì ń bójútó apá tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ náà ti ń lọ. Ìròhìn kan kò tíì di ìròhìn àfi bí nǹkan mẹ́rin bá pé sínú rẹ̀: ẹni tí ó lo oògùn, oògùn tí ó lò, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, àti ẹni tí ó mú ẹjọ́ náà wá. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, akọ̀wé kan yóò tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Yóò yí ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn padà sí ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti fi ẹnu kò lé lórí, kí ẹni tí ó wà ní Japan lè lóye ohun tí ẹni Nàìjíríà sọ. Lẹ́yìn náà ni dókítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá oògùn ni ó fà á lóòótọ́. Nígbà náà ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba. Ní Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, bí ọ̀ràn náà bá le, ọjọ́ 15 péré ni òfin fún ilé iṣẹ́ tí ó ni oògùn.

Irú ìròhìn báyìí ń wọlé fún àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Owó akọ̀wé wọ́n ní ìlú òyìnbó, iṣẹ́ náà sì ń sú ènìyàn. Nítorí náà ni púpọ̀ nínú wọn ṣe gbé e fún alágbàṣe ní ilẹ̀ Íńdíà, ní àwọn ìlú bí Bangalore àti Hyderabad, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé nípa oògùn ti pọ̀. Mi ò pẹ̀gàn wọn. Ẹni tí ó bá jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ó ń ka ìrora àwọn ẹni tí kò mọ̀ rí, tí ó sì kọ ọ́ pé pérépéré, iṣẹ́ ribiribi ni ó ṣe. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni àlàfo tí ó wà láàrin ọwọ́ kan àti ọwọ́ kejì. Ní ọdún 2012, Àjọ Oògùn ti Yúróòpù kéde ohun kan tí ó ya ayé lẹ́nu nípa Roche, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá ti ilẹ̀ Switzerland. Àwọn ayẹ̀wéwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé ìròhìn tí ó tó 80,000 ni ó wà nílẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá oògùn ni ó fa ohun tí ó wà nínú wọn. Nínú wọn, 15,161 jẹ́ ìròhìn ikú. Ètò ìrànlọ́wọ́ kan tí ilé iṣẹ́ náà ń ná owó lé lórí fún àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Kí n má ṣe purọ́ mọ́ wọn, púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ni àìsàn wọn le tẹ́lẹ̀, nígbà tí àjọ náà sì yẹ ọ̀ràn wò tán, ó kéde ní 2013 pé kò rí ohun tí ó yẹ kí ó mú òun yí èrò padà nípa àwọn oògùn náà. A dúpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí ó ṣàyẹ̀wò, ẹni tí ó yẹ kí ó ṣàyẹ̀wò kò sì gbọ́. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, mélòó mélòó ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ní láti ti Ifo dé Èkó, kí ó ti Èkó dé Íńdíà, kí ó tó dé etí ẹni tí ó ni oògùn?

Òfin Yúróòpù sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: ẹni tí ó ni oògùn lè gbé iṣẹ́ ìṣọ́ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. NAFDAC náà ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó gba ìwé-ẹ̀rí oògùn níbí pé kí wọ́n ní ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yìí, tí ó wà fún un. Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè Màmá ni pé bí òyìnbó tilẹ̀ kúrò ní Agbara, gbèsè rẹ̀ kò bá a kúrò. Ẹ kò ní láti lọ ìlú òyìnbó. Ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí yín ni ẹ ó ti ké, NAFDAC ni yóò sì gbé igbe yín lọ.

Àwa náà ní ìtàn tiwa tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ilé ìwòsàn kan ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀ pé ọmọ 13 ni kíndìnrín wọn dákẹ́ tí a kò mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé oògùn kan tí ń jẹ́ My Pikin ni wọ́n fún àwọn ọmọ náà, oògùn olómi fún ọmọ tí ń hu eyín. Barewa Pharmaceuticals ní Èkó ni ó ṣe é. Diethylene glycol wà nínú rẹ̀, májèlé aládùn tí a ń lò nínú omi bíréékì ọkọ̀. Propylene glycol, èyí tí a fi ń po oògùn, ni wọ́n rò pé àwọn rà, ọwọ́ oníṣòwò tí kò ní ìwé-àṣẹ ni wọ́n sì ti rà á. Ojú olójú ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ọmọ 84 ni ó kú. Ní 2013, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó rán òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà méjì lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 7, ó sì pàṣẹ kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ohun tí ó dun ni jù ni pé májèlé kan náà ti pa ọmọ 47 ní Jos ní 1990, nínú oògùn ibà olómi. Àwọn dókítà kọ ọ́ sínú ìwé fún gbogbo ayé kà. Síbẹ̀, ọdún 18 kọjá, ó tún padà wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ẹni tí ó ké gbàjarè ní 2008. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tí ó ṣe oògùn, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, kì í ṣe alágbàṣe òkè òkun. Ìyá ọmọ ni ó kọ́kọ́ rí i pé ọmọ òun kò tọ̀, dókítà sì fetí sí i. "Ọmọ mi kò tọ̀ láti àná." Gbólóhùn kúkúrú ni, ó sì jọ ọ̀rọ̀ lásán létí ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tí ó ń kú lọ, ìtọ̀ ni a fi ń mọ̀.

Nítorí èyí ni mo fi ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn àti àwọn alágbàtà wọn pé kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ èdè dáadáa. Bí Yorùbá bá ní, "Àyà mi ń já," ẹ̀rù lè máa bà á; ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ń lù ju bí ó ti yẹ lọ lẹ́yìn tí ó lo oògùn. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè yóò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò kọ "ẹ̀rù" sílẹ̀, yóò sì lọ jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ ta oògùn fún wa ní Yorùbá lórí rédíò, ẹ fi ẹni tí yóò gbọ́ Yorùbá sídìí fóònù tí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára páálí. Ìyẹn kò pọ̀ jù láti béèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Mowe àti Ibafo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Ifo wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, a kì í sì í padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Inú bọ́ọ̀sì ni ẹlòmíràn ti ń ra oògùn ara ríro. Ẹlòmíràn yóò yà ní kẹ́míìsì lálẹ́, wọn yóò ka hóró mẹ́fà sínú ọ̀rá fún un, ó di ilé. Bí oògùn náà bá ṣe é níbi, kí ni yóò fi han dókítà? Oògùn inú ọ̀rá kò ní orúkọ, kò ní ìdílé. Nínú nǹkan mẹ́rin tí mo kà lókè, ọ̀kan ti sọnù kí ìròhìn tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí alágbàṣe tí ó lè bá wa wá a rí.

Nítorí náà, èkínní, ẹ máa gba oògùn nínú páálí tàbí ìgò rẹ̀, kí ẹ sì tọ́jú páálí náà títí ara yóò fi yá. Èkejì, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, àti nọ́ńbà tí wọ́n kọ Batch No. sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà yìí ni ènìyàn kì í kà sí, òun sì ni ó ṣe pàtàkì jù bí ọ̀ràn bá dé. Bí alákàrà bá din àkàrà lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí ti ọ̀sán nìkan sì kan, ó yẹ kí a lè mọ ti ọ̀sán yàtọ̀ kí a má ba da gbogbo rẹ̀ nù. Iṣẹ́ tí nọ́ńbà náà ń ṣe nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, bí ara bá yí padà lẹ́yìn tí ẹ lo oògùn, bí ara bá ń yún yín, tí ojú wú, tí awọ ń bó, tí ọmọ kò tọ̀, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì mú páálí náà dání. Ẹ má kàn fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà sílẹ̀ fúnra yín. Dókítà ni kí ẹ bi. Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè ti NAFDAC lọ́wọ́ dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apoògùn, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ yín sí i. Ẹni tí ó bá ní fóònù ayélujára lè fi Med Safety ròhìn fúnra rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó dá yín lójú pé oògùn ni ó fà á. Ìfura tó.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ wa wà níbẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi mú páálí oògùn òfìfo wá láti ilé, a sì fi kọ́ ẹ̀kọ́ ìwé kíkà. Wọ́n wá ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, wọ́n wá nọ́ńbà, wọ́n ka ohun tí a ní kí ẹni tí ń lò ó ṣọ́ra fún. Ọmọ tí ó bá lè ka ìyẹn yóò kà á fún ìyá rẹ̀ àti fún ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Ẹ̀kọ́ náà kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kẹ́míìsì lẹ́bàá ọ̀nà, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ sá tọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì yín. Bí oníbàárà bá padà wá sọ pé oògùn kan ṣe òun báyìí báyìí, ẹ má lé e, ẹ má sì kàn fún un ní òmíràn kí ẹ ní kí ó máa lọ. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́, àti ohun tí ó ní ó ṣe òun. Bí ẹnì kejì bá tún wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ gbé ìwé náà lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Akọ̀wé òkè òkun kò lè rí ẹni kejì yẹn kí ẹ̀yin tó rí i.

Ó tún di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn ṣe wá.